Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Fúlúù: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Wá, Àti Ìdáhùn Rẹ̀

Ìdí abẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gbà á àti lẹ́nu ẹni tó ti múra àtisá. Kò sí èyí tí mo fojú kéré nínú wọn. Ara ẹni ni wọ́n fẹ́ gún. Ó yẹ kí èèyàn bèèrè.

Ṣebí ọ̀fìnkìn náà ni fúlúù? Kí ló dé tí ọ̀fìnkìn fi ń gba abẹ́rẹ́?

Wọ́n jọra lójú, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀fìnkìn máa ń yọ́ wọlé ni: imú á máa yún, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ọ̀fun á máa dun ni díẹ̀, ẹni náà á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Fúlúù kì í yọ́ rìn. Ara èèyàn lè dá ṣáṣá láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú kí ara gbóná janjan, kí orí máa fọ́, kí gbogbo oríkèé máa ro, kí àárẹ̀ mú un débi pé àtidìde lọ bu omi mu á di iṣẹ́ ńlá. Ikọ́ gbígbẹ á wá bá a nílẹ̀.

Kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn lé ní 200 oríṣi. Fúlúù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, fáírọ́ọ̀sì influenza, oríṣi A àti B ló sì ń jà káàkiri lọ́dọọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 èèyàn ló ń kó o lọ́dún kan, pé ó ń le gan-an fún mílíọ̀nù 3 sí mílíọ̀nù 5 nínú wọn, àti pé ẹni 290,000 sí 650,000 ni àìsàn èémí tó ti ara rẹ̀ wá ń pa. Ọ̀fìnkìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ ṣe ń pa èèyàn?

Nígbà mìíràn, fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà mìíràn, ṣe ló kàn máa ń ba ààbò ọ̀nà èémí jẹ́, bakitéríà tó ti lúgọ sí imú àti ọ̀fun tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè wọlé, òtútù àyà á sì dé. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kì í fi balẹ̀ bí mo bá gbọ́ pé ara aláìsàn ti fúyẹ́, tí ibà wá padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ikọ́ tó le ju ti àkọ́kọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ti ọkàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ontario, ní Kánádà, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti rí fúlúù lára èèyàn, ewu pé kí ìkọlù ọkàn mú un jẹ́ ìlọ́po 6 ti ìgbà tí kò ní in. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, fúlúù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ imú.

Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà? Ṣé kò ní kó fúlúù ràn mí?

Kò lè kó o ràn yín. Ohun tó wà nínú èyí tí a ń gún sápá ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tàbí èròjà kan ṣoṣo láti ara èèpo rẹ̀. Ẹ rò ó bí ìgbà tí wọ́n gbé aṣọ olè han àwọn ọlọ́dẹ. Aṣọ kò lè jalè, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wọ irú rẹ̀ bá ti yọjú, wọn ò ní bèèrè orúkọ kí wọ́n tó dè é.

Aṣọ tí mò ń sọ yìí jẹ́ méjì: hemagglutinin àti neuraminidase. Ibẹ̀ ni H àti N tí ẹ ń gbọ́ nínú H1N1 àti H3N2 ti wá. H ni fáírọ́ọ̀sì fi ń rọ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì wa kó tó wọlé. N ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń já kúrò níbẹ̀ láti lọ bá sẹ́ẹ̀lì mìíràn jà. H yìí gan-an ni abẹ́rẹ́ ń kọ́ ara láti dá mọ̀, kó lè dì í mú kó tó rí ibi rọ̀ mọ́.

Oríṣi kan wà tí wọ́n ń fín sí imú. Fáírọ́ọ̀sì inú ìyẹn wà láàyè, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára: ó lè gbé inú imú tó tutù díẹ̀, kò lè pọ̀ sí i dáadáa nínú ẹ̀dọ̀fóró tó gbóná. A kì í fún aboyún nírú ìyẹn, a kì í sì í fún ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti mú kí agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àrùn lọ sílẹ̀.

Mo gbà á lọ́dún tó kọjá, mo ṣì ṣàìsàn. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń fún láyè jù, torí ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ kò purọ́. Ó ṣàìsàn lóòótọ́.

Ara kì í kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́jọ́ kan. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí àbò tó dúró dáadáa. Ẹni tó bá kó fúlúù láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì, tàbí tó ti kó o láìmọ̀ kó tó wá gba abẹ́rẹ́, á rò pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò ọ̀fìnkìn tó lé ní 200 yẹn ló mú un. Abẹ́rẹ́ fúlúù kò sì bá ìyẹn ní ìjà rárá.

Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì pé, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ní ọdún tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá bá fáírọ́ọ̀sì tó ń jà mu, ó máa ń dín ewu pé kí fúlúù gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní nǹkan bí ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún tí kò bá bá a mu, ó ń dín sí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tí a fi ń wọn abẹ́rẹ́ yìí kọ́ ni “ṣé mo wúkọ́ àbí n kò wúkọ́”. Iṣẹ́ tó ń ṣe jù wà níbi tí ojú wa kì í dé: ibùsùn ilé ìwòsàn tí ẹnì kan kò dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀rọ èémí tí wọn ò ní láti so mọ́ ọn lára. Ẹni tó gbà á tó ṣì kó fúlúù, ó sábà máa ń rí i kó fúyẹ́ ju bí ì bá ti rí lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lórí ibùsùn nílé àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló máa sọ pé “fúlúù mú mi”.

Kí ló dé tó fi jẹ́ lọ́dọọdún? Àwọn abẹ́rẹ́ ìgbà èwe mi, n kì í tún wọn gbà.

Kòkòrò tó ń fa èéyi kì í pààrọ̀ aṣọ. Ara tó bá ti dá a mọ̀ nígbà èwe, ó mọ̀ ọ́n títí. Fúlúù yàtọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń pọ̀ sí i ló ń ṣe àṣìṣe bó ti ń da àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ kọ, àṣìṣe kéékèèké yìí ló sì ń yí H àti N rẹ̀ padà. Bí ọdún kan tàbí méjì bá ti kọjá, aṣọ tí a fi han ọlọ́dẹ kọ́ ló wọ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àbò tí abẹ́rẹ́ fún wa máa ń relẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Kí wọ́n lè máa tọpa rẹ̀, àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ń gba kòkòrò náà láti imú àti ọ̀fun àwọn aláìsàn lọ́dún yípo. Ètò yìí ti pẹ́; ọdún 1952 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn onímọ̀ ń jókòó láti pinnu ohun tó máa wà nínú abẹ́rẹ́: ní oṣù Kejì fún apá àríwá ayé, ní oṣù Kẹsàn-án fún apá gúúsù.

Kí ló dé tí wọn ò dúró títí àkókò fúlúù á fi kù sí dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n lè rí kòkòrò náà lójúkojú? Torí pé àtiṣe abẹ́rẹ́ náà ń gbà tó oṣù 6. Ẹyin adìẹ tí ọmọ ti ń dá nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ. Wọ́n á fi fáírọ́ọ̀sì sínú ẹyin, á pọ̀ sí i níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á pa á, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, kòkòrò tó ń jà níta lè yà sí ọ̀nà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ ọdún kan fi ń ṣiṣẹ́ ju ti òmíràn lọ, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe àfojúdi.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu. Fún ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ fúlúù ní oríṣi kòkòrò 4 nínú, A méjì àti B méjì. Ìdílé B kan, tí wọ́n ń pè ní Yamagata, kò tún hàn nínú àyẹ̀wò tó dájú láti oṣù Kẹta ọdún 2020, lásìkò tí gbogbo ayé ń bo imú tí wọ́n sì ń jókòó sílé nítorí kòrónà. Wọ́n wá a tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò pọn dandan kó wà nínú abẹ́rẹ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé oríṣi 3 ló wà níbẹ̀, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ìgbà wo ló dára jù láti gbà á?

Kí fúlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní àyíká yín, kí ara lè rí ọ̀sẹ̀ méjì tirẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ àríwá tí òtútù ń mú, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ń gbà á. Ní ilẹ̀ gúúsù, nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún. Níbi tí ooru ti ń mú lọ́dún yípo, fúlúù kì í lọ tán, ó sì sábà máa ń gbérí lásìkò òjò, nítorí náà òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ ibẹ̀ ni kí ẹ bi. Bí ẹ bá ti pẹ́, ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó. Níwọ̀n ìgbà tí fúlúù bá ṣì ń jà, abẹ́rẹ́ ṣì wúlò.

Ta ló yẹ kó wà níwájú ìlà?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé oṣù 6 lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí kò bá kárí, ẹ jẹ́ kí aboyún ṣáájú, pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré, àgbàlagbà, òṣìṣẹ́ ìlera, àti ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra: ásímà, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, fòníkú-fọ̀ladìde, jẹjẹrẹ, kòkòrò HIV. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera kì í gbà á. Ó ń dùn mí, torí ọwọ́ wa ló ń kan ẹni tí ara rẹ̀ kò le jù.

Ara mi le, n kì í ṣàìsàn. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín nítorí ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹni tó kó fúlúù lè máa kó o ràn ẹlòmíràn láti bí ọjọ́ kan kí àmì kankan tó hàn lára rẹ̀, títí di nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan àkọ́kọ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Èèyàn á gbé ọmọ jòjòló mọ́ra, á jókòó ti ìyá àgbà, ara rẹ̀ á sì dá pérépéré.

Mo lóyún. Ṣé kò ní pa ọmọ lára?

Rárá o. Èyí tí a ń gún, ìgbàkígbà tí oyún bá wà lẹ lè gbà á, ìbáà jẹ́ oṣù kejì, ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń fún àwọn aboyún. Fúlúù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Oyún máa ń yí bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ó ń yí bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn padà pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí fúlúù fi ń tètè gbé aboyún dé ilé ìwòsàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò lè gba abẹ́rẹ́ fúlúù rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà lára àwọn tí fúlúù lè ṣe léṣe jù. Ṣùgbọ́n àbò tí ara ìyá bá pèsè lẹ́yìn abẹ́rẹ́ máa ń gba ibi ọmọ kọjá lọ bá a nínú oyún, á sì bá a wáyé. Ìyá nìkan la gún. Àwọn méjèèjì ló gbà á. Ìyá ọlọ́mú náà lè gbà á láìfòyà.

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò gbà á. Ṣé kò pọ̀ jù?

Kò pọ̀ jù. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ni pé ọmọ oṣù 6 sí ọmọ ọdún 8 tí kò gbà á rí ń gba méjì, kí ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán wà láàárín wọn. Àkọ́kọ́ ń fi kòkòrò han ara tí kò rí i rí. Nígbà tí èkejì bá dé ni ẹ̀kọ́ náà máa wọlé dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan lọ́dún ti tó. Itan la ti ń gún ọmọ ọwọ́, torí ẹran apá rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ fún un lọ́yàn bí a ti ń gún un lọ́wọ́. Ẹkún náà kì í pẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ti àgbàlagbà yàtọ̀?

Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, ara kì í yára gbọ́ ẹ̀kọ́ mọ́. Nítorí náà wọ́n ṣe oríṣi kan tí èròjà H inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 4: 60 máíkírógíráàmù fún oríṣi kòkòrò kọ̀ọ̀kan dípò 15. Òmíràn wà tí wọ́n po ohun kan mọ́ tó ń ta ara jí. Bí ẹ bá ti pé ọdún 65, ẹ bèèrè fún ọ̀kan nínú wọn. Bí kò bá sí, ẹ gba èyí tó wà.

Kí ni n óò rí lára mi lẹ́yìn rẹ̀?

Ojú abẹ́rẹ́ á máa ro yín, ó lè wú díẹ̀ tàbí kó pọ́n. Orí lè fọ́, ara lè wúwo, ibà díẹ̀ lè dé fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Parasítámọ̀ tó o. Bó bá wá jẹ́ fúlúù gan-an ló mú ọmọdé tàbí ọ̀dọ́, ẹ má fún un ní ásípíríìnì, torí ó lè fa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Reye, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́.

Ewu tó lágbára ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú mílíọ̀nù ni ara rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ lójijì, kí ojú wú, kí èémí máa há. Kíá ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó lọ, kí ó lè bá yín nítòsí oògùn rẹ̀. Ìkejì ni àìsàn Guillain-Barré, tó máa ń sọ iṣan ara di aláìlágbára. Bí abẹ́rẹ́ bá tiẹ̀ ń dá kún un, kò ju ẹni 1 tàbí 2 lọ nínú mílíọ̀nù, fúlúù fúnra rẹ̀ sì ń fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ṣe é rí láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ fúlúù, kó sọ fún wa kí a tó gún un.

Ẹyin kì í bá mi lára mu.

Ẹ lè gbà á. Ohun tó ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ láti ara ẹyin kéré jọjọ, oríṣi tí wọn ò fi ẹyin ṣe rárá sì wà. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gbà á ni ẹni tí abẹ́rẹ́ fúlúù fúnra rẹ̀ ti bá jà rí débi tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Wọ́n ní mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀.

Ìgò ńlá tí a ń fà fún ọ̀pọ̀ èèyàn lè ní thiomersal díẹ̀ nínú, kí bakitéríà má bàa hù níbẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde. Mẹ́kúrì wà nínú thiomersal lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí ara ń tètè lé jáde ni, kì í ṣe irú èyí tó ń kó jọ sára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ẹ̀rí pé ìwọ̀nba yẹn ń ṣe ju kó mú ojú abẹ́rẹ́ pọ́n lọ.

Imú mi ń dà lónìí. Ṣé kí n padà sílé?

Bí kò bá ju imú dídà lọ, ẹ jókòó, ẹ ká apá aṣọ. Bí ara bá ń gbóná gan-an, ẹ jẹ́ kó lọ ná. Ẹ lè gbà á lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti kòrónà. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí a lè tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà pẹ́ díẹ̀.

Ìwé àjẹsára ọmọ mi ní “influenzae” nínú. Ṣebí ó ti gbà á nìyẹn?

Rárá, inú mi sì dùn pé ẹ bèèrè. Hib nìyẹn, ìkékúrú Haemophilus influenzae oríṣi b. Bakitéríà ni, ó lè fa òtútù àyà tàbí kó mú kí awọ tó bo ọpọlọ wú. Àṣìṣe àtijọ́ ló fún un lórúkọ yẹn. Lọ́dún 1892, dókítà ọmọ Jámánì kan, Richard Pfeiffer, rí irú bakitéríà yìí lára àwọn tí fúlúù mú, ó sì kéde pé òun ló ń fà á. Ọdún 1933 ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw tó rí fáírọ́ọ̀sì náà gan-an lára èèyàn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ti mọ́ bakitéríà náà lára kí wọ́n tó mọ̀. Ọmọ tó ti gba Hib ṣì nílò ti fúlúù.

Ṣé ó ń gbà mí lọ́wọ́ fúlúù ẹyẹ?

Kò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ H ti H5N1, ìyẹn kòkòrò fúlúù ẹyẹ, yàtọ̀ sí èyí tí abẹ́rẹ́ yìí fi han ara. Síbẹ̀, ẹni tó ń bá ẹyẹ ṣiṣẹ́ ní ìdí tó pọ̀ láti gbà á, kí fúlúù méjèèjì má bàa pàdé lára ẹnì kan kí wọ́n sì pààrọ̀ èròjà láàárín ara wọn.

Ṣé n kò lè dúró kí fúlúù mú mi ná, kí n wá lo oògùn?

Áńtíbáyótíìkì kì í pa fáírọ́ọ̀sì, bó ti wù kí ẹ lò ó tó. Oògùn tó ń bá fúlúù jà gan-an wà, bíi oseltamivir, àmọ́ láàárín wákàtí 48 tí àmì bá kọ́kọ́ yọ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ló ń lo wákàtí wọ̀nyẹn nílé, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀fìnkìn ni.

Bí mo bá gbà á tí fúlúù ṣì mú mi, ìgbà wo ni kí n má dúró sílé mọ́?

Ẹ lọ sílé ìwòsàn bí èémí bá ń há, bí àyà bá ń dùn yín, bí ọ̀rọ̀ ò bá já gaara lẹ́nu mọ́, bí ẹ ò bá tọ̀ fún wákàtí púpọ̀, tàbí bí ibà bá lọ tó tún padà. Ti ọmọdé, ẹ wo ìhà rẹ̀ bó ti ń mí: bí awọ ibẹ̀ bá ń wọnú, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bó bá ń sunkún láìsí omijé, ẹ gbé e. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má dúró de àmì mìíràn. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, torí ibẹ̀ ni dókítà máa ti mọ̀ bóyá wákàtí 48 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín.